Èènì Inú Gíláàsì

Ọkọ mi ló gbé gíláàsì náà wọlé. Ará àdúgbò kan nínú ẹ́sítéètì wa ní Galadimawa, ní Àbújá, ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì ń pín ẹrù tí kò lè gbé fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn ẹlòmíràn gba àga, wọ́n gba fáànù. Ọkọ tèmi gba àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja, òfìfo, tí eruku ti bò, ó sì gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀. Kò tóbi rárá. Bí mo bá gbé igunpá mi lé etí rẹ̀ kan, ìka mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí kejì. Mo wò ó, mo wo pálọ̀ wa, mo ní, "Níbo lẹ fẹ́ gbé eléyìí sí? Orí mi?"

Kì í ṣe pé mo ya aláìmoore. Ilé ló ti kún. Yàrá méjì ni, pálọ̀ kan, àti bàlíkónì tí èèyàn méjì ò lè jókòó sí kí orúnkún wọn má kanra. Láti ìgbà tí mo ti mú ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àti ọmọ mi obìnrin ló jọ ń sùn ní yàrá kejì. Mo ti sún bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, mo ti gbé fíríìjì sí ọ̀nà ilé ìdáná, mo ti rí àga tí kò gbàyè fún wọn. Èmi ni mo máa ń tò ó. Bí ààyè ò bá sí, màá wá a rí, ìwà mi nìyẹn láti kékeré, ìwà náà kì í sì í dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó ku ìyá mi nìkan nínú ilé ńlá tó ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ń gbé ojúlé kejì, ṣùgbọ́n ojúlé kejì kì í ṣe yàrá kan náà. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n ń ké, ẹnikẹ́ni ò gbọ́.  Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n di ẹrù, wọ́n sì dì í.

Àpò búlúù kan báyìí ni wọ́n di ẹrù náà sí. Nígbà tí a dé Àbújá, wọn ò tú u. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bí wọ́n bá fẹ́ wọṣọ, wọ́n á ṣí síìpù, wọ́n á fa aṣọ yọ; bí wọ́n bá fọ aṣọ náà tó gbẹ, wọ́n á ká a dáadáa, wọ́n á dá a padà sínú àpò, wọ́n á fa síìpù pa. Bẹ́ẹ̀ mo ti tú apá kan wọ́dúróòbù sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú háńgà tuntun. Mo wí títí. "Màámi, ẹ gbé aṣọ yín kọ́." Wọ́n á ní, "Ó dáa níbi tó wà, ọmọ mi." Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé àpò lásán ni. Lójú tèmi, kì í ṣe lásán. Níwọ̀n ìgbà tí àpò yẹn bá ṣì wà ní dídì, ìyá mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n kàn yà ni, ọjọ́ kan sì ni wọ́n máa gbé e tí wọ́n á lọ dá gbé ilé tí mo ń bẹ̀rù. Nítorí náà ni mo ṣe fàyè gba gíláàsì ọkọ mi. Mo rò pé bí wọ́n bá rí nǹkan ẹlẹ́mìí tọ́jú nínú ilé yìí, wọ́n á tú àpò náà.

Nígbà tí mo fi gíláàsì han ìyá mi tí mo sọ pé ẹja la fẹ́ kó sí i, wọ́n yí i ká.

"Ẹja tí a ò ní jẹ?"

"A óò máa wò ó ni, Màámi."

"Ká máa wò ó di ìgbà wo?"

 Mo ní ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Wọ́n ní tiwọn balẹ̀.

Bí èmi bá ti gba nǹkan, mo gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ìdí rẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Garki, inú fóònù ni orí mi máa ń wà, mo ń ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin ẹja, mo ń wo fídíò wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gíláàsì kékeré le ju ńlá lọ. Èmi ti rò pé kékeré ló rọrùn. Wọ́n ní rárá: inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń yàgbẹ́, bí omi ò bá sì pọ̀, ìdọ̀tí ò ríbi lọ, ọjọ́ tí omi bá bàjẹ́ báyìí ni ẹja ń kú. Wọ́n tún ní kí èèyàn má fi bí ẹja ṣe rí ní ìsọ̀ ṣe yíyàn. Ọmọ ni ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń tà. Bí yóò ṣe tó nígbà tó bá dàgbà ni kí a bèèrè, ká wá wọn ìyẹn mọ́ ilé tí a ní. Àti pé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ò fẹ́ràn kí wọ́n dá wà. Ó sàn kí a kó oríṣi kan ṣoṣo, bíi mẹ́fà, ju kí a kó ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ láti oríṣi mẹ́fà, torí ìpayà ni ẹja kékeré tí kò rí irú ara rẹ̀ máa ń bá gbé. Mo ka gbogbo èyí, mo gbà á gbọ́, mo tilẹ̀ ka díẹ̀ sí ọkọ mi létí nígbà tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Omi náà ní ètò tirẹ̀. Wọ́n ń fi kẹ́míkà sí omi ẹ̀rọ kó lè mọ́, kẹ́míkà ọ̀hún sì ń pa ẹja. A gbọ́dọ̀ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ká ṣí i sílẹ̀ títí òórùn yẹn á fi lọ. Iṣẹ́ yìí ni ìyá mi kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí bàlíkónì, wọ́n gbé àga wọn tì í. Bí ọmọ mi bá ti fẹ́ kọjá, wọ́n á na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Rọra. Omi ń sinmi."

"Gránmà, omi náà dey tire?"

"Ìwọ ń sùn, kí ló dé tí òun ò ní sinmi?"

Ọmọ mi máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Ìdáhùn ni kì í fẹ́ jáde ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó dúró, ó bá wọn wo omi.

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti ìyá mi wọ takisí lọ sí Garki. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí ẹni ń lọ síbi ìdána. Ní etí ọjà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ àti ọmọ ajá ni ìsọ̀ ẹlẹ́ja náà wà, gíláàsì lórí gíláàsì, tí atẹ́gùn ń hó nínú gbogbo wọn. Ọkùnrin tó ni ín rí ìbòrí ìyá mi, ó yára dìde.

"Sànnu, Hajiya! Sànnu da zuwa!"

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ta ló ń kí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

"Èmi?" Wọ́n kọjú sí ọlọ́jà. "Mo ṣe jọ Haúsá lójú ẹ, ọkọ mi?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ káàsán. Ẹ kú ìrìn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ Haúsá, ẹnu mi ti gbàgbé ilé." Ọmọ Ìlọrin ni. Ìyá mi bèèrè àdúgbò tí wọ́n bí i sí, ó sọ ọ́. Ó bèèrè tiwọn, wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní nígbà náà ìyá òun ni wọ́n jẹ́, ojú ọ̀nà kan náà la máa gbà lọ sílé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù mi, mo ń dúró kí wọ́n kí ara wọn tán.

Ẹja pupa ni ìyá mi kọ́kọ́ nàka sí, àwọn tí ìrù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo ní rárá, wọ́n máa tó ọwọ́ mi bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n sì máa ń dọ̀tí púpọ̀. Wọ́n lọ síwájú. Wọ́n bá ẹja kan tó dá wà nínú ìgò kékeré, aláwọ̀ aró, tó rẹwà débi pé ó ń dáni dúró.

"Kí ni eléyìí ṣe tí ẹ fi tì í mọ́lé òun nìkan?"

"Akọ ni, Ìyá. Bó bá rí akọ bíi tirẹ̀, ìjà ni. Títí tí ọ̀kan á fi kú."

"Fi í síbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Mo mọ irú wọn."

Gọ́pì ni mo fẹ́. Ẹja tí kò gùn ju orí ìka lọ ni gọ́pì, ìrù rẹ̀ tóbi ju bó ṣe mọ lọ, àwọ̀ rẹ̀ ò sì jọ ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo ní kí ó kó mẹ́fà fún wa. Ìyá mi tẹ̀ sún mọ́ gíláàsì, wọ́n ṣẹ́jú.

"Ṣé wọ́n á ṣì dàgbà sí i?"

"Wọ́n ti dàgbà, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń mọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú wọn nìyẹn."

"Àgbà rèé!" Wọ́n ń wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ó ṣe ń fi àwọ̀n kékeré kó wọn sínú ọ̀rá omi. "Àgbà tí a lè gbé sínú ṣíbí."

Mo sanwó, mo gba ọ̀rá, mo ti yí padà. Ìyá mi ò kúrò lójú kan.

"Èènì ń kọ́?"

Ọlọ́jà wò wọ́n. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ti bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń tajà ní Garki. Ó ní, "Ìyá, ẹja alààyè ni o. A kì í ta ewúrẹ́ ká fi ọmọ ewúrẹ́ ṣe èènì."

"Ewúrẹ́ ni mo rà? Ẹja ni mo rà. Ìyá mi ta ẹja, èmi náà ta ẹja gbígbẹ lọ́jà fún ọdún gbọọrọ. N kò rí ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń ta ẹja fún Yorùbá tí kò sí èènì. Àbí Haúsá ti gba ìyẹn náà lẹ́nu ẹ?"

Ọkùnrin náà gbá orí mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ki àwọ̀n bọ inú agbada ńlá tó wà nílẹ̀, ó mú ọmọ ẹja kan jáde, funfun, tí àmì pupa kan wà láàárín orí rẹ̀, ó jù ú sínú ọ̀rá wa. "Èènì yín nìyí, Ìyá. Kí Ọlọ́run bá wa fi sí i."

Mo mọ ẹja náà. Kọ́ì ni. Mo ti rí i lórí fóònù. Ẹja adágún ni, bó bá dàgbà, ó lè gùn tó apá èèyàn. Gíláàsì wa látòkèdélẹ̀ ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé a ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, tó ń mi èjìká wọn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi.  Ẹ̀rín yẹn ni mo gbà, mo bá gba ẹja mọ́ ọn.

Inú ilé yí padà lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní purọ́. Ìyá mi gbé àga wọn kúrò ní bàlíkónì wá sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á kí ẹja kí wọ́n tó kí wa. Àwọn nìkan ló ń fún wọn lóúnjẹ, ìwọ̀n èyí tí ìka méjì lè mú, àwọn nìkan ló sì ń sinmi omi, bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwọn gọ́pì ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, wọ́n kàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Kọ́ì yẹn mọ ìyá mi. Bí wọ́n bá ti jókòó, á sáré wá síwájú, á máa la ẹnu. Wọ́n ò pè é ní nǹkan mìíràn ju Èènì lọ.

Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú pálọ̀, jẹ́jẹ́.

"Ata ẹ̀yìnkùlé mi á ti pọ́n báyìí. Ta ni ó ká a? Ẹyẹ ni. Kó máa jẹ ẹ́, ẹ̀bi ẹyẹ kọ́."

Mo padà sẹ́yìn, mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn dún, mo ṣe bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó dùn mí pé ẹja ni wọ́n ń sọ fún. Mo yọjú sí yàrá. Àpò búlúù ṣì wà níbẹ̀, síìpù rẹ̀ ní pípa.

Nígbà tí òjò fi máa wọlé dáadáa, Èènì ti gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ọ̀kan nínú àwọn gọ́pì bímọ. Gọ́pì kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ẹlẹ́mìí, tí ojú nìkan ló hàn lára wọn. Ìyá mi pe gbogbo wa wá wò ó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kankan ò sí mọ́. Ọmọ mi sunkún. Ìyá mi wo Èènì títí, Èènì náà wá síwájú, ó la ẹnu, ó ń retí oúnjẹ.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún ṣe kúruku. Àwọn gọ́pì há sí igun kan. Èènì náà ò sì lè yí padà dáadáa mọ́: á wẹ̀ dé ìpẹ̀kun, á tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ, imú rẹ̀ á gbá gíláàsì lápá kan, ìrù rẹ̀ á gbá a lápá kejì, ìpẹ́ rẹ̀ ti ń họ. Mo sọ pé ká dá a padà fún ọmọ Ìlọrin. Ìyá mi ò gbà.

"Ta ló ń dá èènì padà? Ọmọ ọlọ́mọ fi inúure ṣe é, ká wá lọ fi í lé e lọ́wọ́ pé a ò fẹ́?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká wá bèèrè bóyá ó fẹ́ràn ata rodo." Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó lọ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo wá ṣe, èmi tí mo ka gbogbo ìwé orí fóònù tán. Mo pinnu láti ra gíláàsì ńlá. Mo mú okùn, mo ń wọn pálọ̀. Bí a bá gbé tábìlì ìjẹun jù sílẹ̀, tí a sún tẹlifíṣọ̀n sókè ògiri, tí àga ọkọ mi sì lọ sí yàrá, ó lè wọlé. A óò máa jẹun lórí itan. Mo ti gbé okùn láti ojú fèrèsé dé ẹsẹ̀ tábìlì nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Ààyè, Màámi. Fún Èènì."

"Tábìlì ń kọ́?"

"Ó máa lọ. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, ẹ ní bí a bá fẹ́ràn ara ẹni, yàrá kótópó gba ogún èèyàn."

"Ó gbà wọ́n láti sùn," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ fún ọ pé ó gbà wọ́n láti rìn?" Wọ́n jókòó. "Ẹja yìí ò bẹ̀ ọ́ ní tábìlì, ọmọ mi. Fi okùn yẹn sílẹ̀, wá wò ó."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Èènì wẹ̀ dé ìpẹ̀kun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. A jọ ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó yí tán.

"Kò ṣàìsàn," ni ìyá mi wí. "Ó ń jẹun. O ń pààrọ̀ omi ẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kóo ṣe tí o ò ṣe. Ibí ni kò tó o. A ò ní dá a padà, èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n a lè fi tọrẹ. Ta lo mọ̀ tó ní omi ńlá?"

Mo mọ ẹnì kan, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó kọ́lé sí ìdí òkè ní Bwari, tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo sì ti mọ̀ọ́mọ̀ má rántí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ jáde bó ṣe wà lọ́kàn mi: "Bó bá lọ, ta lẹ óò máa bá sọ̀rọ̀ ata yín?"

Wọ́n wò mí. Wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi pa mí lórí bí ẹni ń pa ọmọdé lórí.

"Jẹ́ kó lọ," ni wọ́n wí.

Èmi àti ìyá mi nìkan la lọ sí Bwari. Mo ń wa mọ́tò ọkọ mi, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́kẹ́ẹ̀tì Èènì mọ́lẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí ìdérí. Gbogbo gegele tí a bá kàn, wọ́n á ní kí n rọra. Òjò ti rọ̀ lánàá, àpáta orí òkè ń dán, afẹ́fẹ́ tutù. Obìnrin náà pàdé wa lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Adágún náà gbòòrò ju fúláàtì wa lọ, ẹja aláràbarà ńláńlá bíi ti Èènì sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi ò jẹ́ kí n da bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ bu omi adágún díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, kí omi méjèèjì lè mọra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dà á fúnra wọn, ní ẹ̀gbẹ́. Èènì dúró sójú kan. Ó sún díẹ̀, ó dúró, ó ṣe bí ẹni fẹ́ tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ láti yí padà. Ìgbà tí imú rẹ̀ ò gbá nǹkan kan, ó na ara rẹ̀, ó sì lọ, tààràtà, títí a ò fi rí i mọ́.

"Ó ń sáré!" Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n sá!"

Mo rò pé wọ́n á sunkún. Ata obìnrin náà ni wọ́n rí. Ó gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ adágún, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní irú kí ni eléyìí, wọ́n bèèrè ọkọ́. Obìnrin náà ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, pé àlejò ni wọ́n. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń roko. Àwọn tó jẹ́ pé ní ilé mi, bí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, wọ́n á pe orúkọ Jésù, wọ́n á di ògiri mú. Wọ́n ń ro, wọ́n ń bá obìnrin náà wí, wọ́n ń sọ fún un bí a ṣe ń tọ́ ata, ohùn wọn ga. Mi ò gbọ́ kí ohùn wọn ga bẹ́ẹ̀ rí ní Àbújá. Mo dúró létí adágún, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí à ń padà, bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo ń yí gbirigbiri lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹrẹ̀ wà léèékánná wọn. A ti fi Bwari sílẹ̀ kí n tó bi wọ́n.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ máa lọ sílé?"

 Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

"O ò bi mí nígbà tí o wá mú mi," ni wọ́n wí. "Mo ní ó dáa, yóò bi mí bí a bá dé. Mo ń retí ẹ."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo máa ń rò pé ẹ ṣubú, tí kò sí ẹni tó gbọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n inú ilé mi ni mo fẹ́ kó ti máa bà mí." Wọ́n fi ìka ha ẹrẹ̀ kúrò léèékánná. "Ìyàwó àbúrò bàbá ẹ ti gbà láti máa wá sùn lọ́dọ̀ mi. A ti sọ ọ́ lórí fóònù tipẹ́."

"Tipẹ́?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù. Mi ò lè sá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi bí olè." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O tọ́jú mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o ò tọ́jú mi."

 Mo ń wa ọkọ̀, omijé ń dà lójú mi, wọ́n sì ní kí n wo iwájú.

Nígbà tí a délé, wọ́n wọ yàrá lọ tààrà. Mo mọ ohun tí wọ́n lọ ṣe, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n: wọ́n lọ wo àpò náà, bóyá ó pé. Mo jókòó sórí àga wọn níwájú gíláàsì. Omi ti ń là. Àwọn gọ́pì ti kúrò ní igun wọn, wọ́n tàn ká, ibi gbogbo gbà wọ́n. Mo ń wò wọ́n, mo ń ro bí màá ṣe gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti mú ìyá mi lọ ní ọ̀la tàbí ọ̀tunla, mo sì ń gbàdúrà kí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ má gbà.

Ọmọ mi jáde láti yàrá, ó dá ọwọ́ sí ìbàdí.

"Mọ́mì, Gránmà ti gba gbogbo háńgà mi o!"

Mo dìde. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́dúróòbù ṣí sílẹ̀. Àwọn ìró ìyá mi ti wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kẹ́yìn. Àpò búlúù ti ṣófo, wọ́n ti ká a sí méjì, wọ́n fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò yíjú wò mí.

"Ṣé o rò pé òní ni mo fẹ́ lọ ni? Òjò ò tíì dá, ilé ò sì ní sá lọ." Wọ́n gbé ìborùn kan sókè, ọwọ́ wọn ò tó irin náà. "Wá bá mi fi eléyìí kọ́, má dúró síbẹ̀ kóo máa wò mí bí ẹja."